Ilẹ̀kùn Mẹ́tàlá Kí Alois Tó Dé Tirẹ̀

Ó ti pé ọdún mọ́kànlélógójì tí Alois Osička ti ń ṣe wáìnì, ẹnikẹ́ni ò sì pè é ní ọ̀lẹ rí. Ibi tí ihò ọtí rẹ̀ wà ni wàhálà rẹ̀. Ihò mẹ́rìnlá ni àwọn baba ńlá wọn gbẹ́ sínú òkè abúlé náà kí àgbá ọtí lè wà nínú òtútù, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló sì ni tirẹ̀. Ti Alois ló wà lókè pátápátá, níbi tí ọ̀nà ti tán.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún, gbogbo wọn a ṣílẹ̀kùn. Àlejò a ti ìlú Brno wá, wọn a ra ife gíláàsì kan tí wọ́n ń so kọ́ ọrùn, wọn a gba máàpù, wọn a sì máa ti inú ihò kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó bá tọ́ ọtí wò, onílé a lu òǹtẹ̀ sẹ́yìn máàpù rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ a gba máàpù nídìí bọ́ọ̀sì, a sì ka òǹtẹ̀. Ihò tí òǹtẹ̀ rẹ̀ kò bá pé ọgbọ̀n lọ́dún méjì tẹ̀léra, wọn a yọ ọ́ kúrò nínú máàpù. Ihò tí kò sí nínú máàpù, ibi ìkó-ọ̀dùnkún-sí ló ń dà. Bó ṣe ṣe ti Kryštof lábúlé kejì nìyẹn. Ọ̀dùnkún rẹ̀ dára.

Lọ́dún tó kọjá, mọ́kànlá ni Alois lù. Ọkùnrin kan ló gba méjì nínú rẹ̀, torí kò rántí pé òun ti wá.

Nítorí náà, lọ́dún yìí, aago mẹ́fà àárọ̀ ni Alois ti gun òkè. Ó nídìí. Lábúlé náà, ẹni tó ń ṣe wáìnì kò gbọdọ̀ kọjá níwájú ilẹ̀kùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ láìwọlé mu ife kan. Bó bá kọjá, ohun tó sọ ni pé ọtí onítọ̀hún ti bàjẹ́. Ìgbéyàwó kan ti tipa bẹ́ẹ̀ fọ́ rí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn òkè, gbogbo ayé á mọ̀ pé ó ń sá fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni.

Alois gbálẹ̀, ó tan àbẹ́là, ó fọ ọ̀pá gíláàsì tó fi ń fa ọtí nínú àgbá. Ó gbé ìṣù búrẹ́dì méjì àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sórí tábìlì. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ó tọwọ́ bọ àpò. Òǹtẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó fi fóònù pe ìyàwó rẹ̀.

"Blažena, òǹtẹ̀ mi wà lórí tábìlì ilé ìdáná. Bá mi gbé e wá."

"Igba búrẹ́dì dídùn ló wà nínú ààrò níbí. Ta ló máa dúró tì í, ìwọ?"

"Aago mẹ́wàá ni wọ́n máa ṣílẹ̀kùn, Blažena."

"Mo mọ̀. Orí tó gbàgbé ní ẹsẹ̀ tirẹ̀."

Alois ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú méjìlá láti sọ̀ kalẹ̀, ìṣẹ́jú ogún láti gùn ún padà. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sáré. Nígbà tó fi òǹtẹ̀ sápò tó sì padà dé ẹsẹ̀ òkè, aago mẹ́wàá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Metoděj, tó ni ihò àkọ́kọ́, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sáyà.

"Alois! Eré burúkú lò ń sá yìí. Ṣé ilé ẹ ń jó ni?"

"Òǹtẹ̀ ni mo gbàgbé. Mà á yà tó bá dìrọ̀lẹ́."

"Ìrọ̀lẹ́ kẹ̀? Ó dáa, máa lọ. Mà á sọ fáwọn èèyàn pé Alois ní ọtí mi ò ṣeé mu."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹsẹ̀ ẹ ló sọ ọ́."

Alois wọlé. Àlejò mẹ́rin wà nínú ihò náà, wọ́n di ife wọn mú bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Metoděj fa ọtí sí ife fún gbogbo wọn. Ó ní tí wọ́n bá gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, wọ́n á rí òdòdó igbó àti oyin níbẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àlejò ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ẹlẹgbẹ́ sí ẹlẹgbẹ́, òótọ́ ni wọ́n máa ń sọ.

"O ti tètè ká àjàrà yìí jù," Alois wí. "Ọjọ́ mẹ́fà."

"Mẹ́rin."

"Mẹ́fà."

Metoděj wo òkè àjà. "Márùn-ún."

Obìnrin kan nínú àwọn àlejò náà, tíṣà kan tó ń jẹ́ Radka, sún mọ́ wọn. "Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀? Ṣé ahọ́n yín ló sọ fún yín?"

"Oko mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Mo rí i nígbà tó ń ká a."

Radka rẹ́rìn-ín títí ọtí fi dà sí i lọ́wọ́. "Ibo lẹ kọrí sí báyìí?"

"Ihò mi. Mò ń kánjú."

"Àwa náà ń bọ̀."

Apolena opó ló ni ilẹ̀kùn kejì. Kò pè é rárá, apá ló fà á wọlé, àwọn mẹ́rin náà sì tẹ̀ lé e. Wáìnì pupa ni tirẹ̀. Gbogbo ojú wà lára Alois. Ó tọ́ ọ wò.

"Àgbá tuntun lo lò. Igi ni mò ń mu."

"Ọkọ mi ló máa ń yan àgbá."

"Mo mọ̀. Ó mọ̀ ọ́n yàn."

"Òun ti kú. Ìwọ tó wà láàyè, ọ̀fẹ́ lò ń mu tèmi. Mú búrẹ́dì, kó o má baà ṣubú sí mi lọ́rùn."

Àlejò mẹ́ta tó wà níbẹ̀ gbé ife wọn, wọ́n dara pọ̀ mọ́ ti ìsáájú. Bó ṣe rí lẹ́nu ilẹ̀kùn kẹta nìyẹn, àti ìkẹrin. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri òkè pé bàbá kan wà tó ń sọ bí ọtí ṣe rí gan-an. Lẹ́nu ilẹ̀kùn kẹfà, èèyàn mọ́kàndínlógún ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti wá kọ́ nǹkan kan: kò sẹ́ni tó ń fẹnu kan ife mọ́ kí Alois tó sọ̀rọ̀. Bó bá ní ó dára, wọ́n á mu. Bó bá ní kò dára, wọ́n á rọra da tiwọn sínú korobá. Onílé kẹsàn-án rí wọn lókèèrè, ó tìlẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí lọ́jọ́ ìṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó tì kò lófin kankan. Alois dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀, ó kọjá.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló dé ẹnu ilẹ̀kùn tirẹ̀, pẹ̀lú ife méjìlá níkùn àti èèyàn mẹ́tàlélógójì lẹ́yìn. Aago márùn-ún ni bọ́ọ̀sì máa gbéra. Ó yọ òǹtẹ̀, ó fi í sórí tábìlì. Ó fa ọtí sí ife wọn títí ó fi kárí.

Kò sẹ́ni tó mu ún. Wọ́n ń wò ó.

"Tiyín ńkọ́, bàbá?" Radka bi í.

Alois gbé ife tirẹ̀. Mẹ́tàlélógójì ju ọgbọ̀n lọ dáadáa. Àlejò sì ni wọ́n. Fún àlejò, òdòdó àti oyin kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó la ẹnu. Ìgbà yẹn ló rí Apolena lẹ́nu ọ̀nà, tó ń mí hẹlẹ. Ó ti fi ihò rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó sì gun òkè.

"Má wò mí," Apolena wí. "Mo kàn fẹ́ gbọ́ ni. Sọ̀rọ̀."

Ẹlẹgbẹ́ ti dé. Alois tọ́ ọtí náà wò, ó gbé e mì.

"Ó kan," ó wí. "Kò kan púpọ̀, àmọ́ ó kan. Ó sì tún fúyẹ́. Oòrùn kì í dé oko mi kó tó di ọ̀sán, èmi náà ò sì fún un ní sùúrù tó."

Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí korobá wà.

"Àmọ́ tẹ́ ẹ bá jẹ búrẹ́dì ọlọ́ràá kẹ́ ẹ tó mu ún, ó ń ṣiṣẹ́. Á fọ ọ̀rá kúrò lẹ́nu. Tí ò bá sí búrẹ́dì, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ mu ún."

Apolena gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó tọ́ ọ wò. "Òótọ́ ló sọ," ó wí fún wọn. "Mo tiẹ̀ rò pé ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Búrẹ́dì náà dà?" Radka béèrè.

Ìṣù méjì ni. Alois gé e sí mẹ́tàlélógójì, wọ́n fẹ́lẹ́ débi pé àbẹ́là ń hàn gba inú wọn. Apolena ń fi ọ̀rá àti àlùbọ́sà sí i, ó ń bú u pé ọwọ́ rẹ̀ ò yá. Wọ́n jẹ, wọ́n mu. Ọkùnrin tó ń wá korobá tún na ife rẹ̀. Alois ń lu òǹtẹ̀ títí di ìgbà tí bọ́ọ̀sì fọn fèrè nísàlẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ka òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí kò gbà gbọ́. Mẹ́tàlélógójì. Ihò kẹrìnlá ò kúrò nínú máàpù. Akọ̀wé ní lábẹ́ orúkọ onílé kọ̀ọ̀kan, àwọn máa ń kọ ìlà kan nípa ọtí rẹ̀, kí sì ni kóun kọ fún ti ọdún tó ń bọ̀.

"Kọ ọ́ pé ó kan díẹ̀," Alois wí, "àti pé búrẹ́dì wà."

Akọ̀wé ní kò sí irú ẹ̀ lábẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú máàpù. Alois ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.