Omi Àdúrà Nínú Rédíò Màmá

"Dákẹ́! Òun nìyẹn!" ni Màmá wí.

Mo di eríàlì mú sójú fèrèsé, mi ò gbọdọ̀ mira. Rédíò ń dún ṣàà bí ìgbà tí àkàrà bá wọnú epo gbígbóná. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan jáde, ó ń ka nọ́ńbà ní Gẹ̀ẹ́sì wéréwéré. Ọmọ Màmá ni. Bàálù ló ń wà, rédíò Màmá sì máa ń gbé ohùn àwọn awabàálù.

Yàrá tó kángun sí balùwẹ̀ nílé tí a háyà ní Ìyànà Ìbà ni Màmá ń gbé. Wọn kì í ṣe ìbátan wa, wọn ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ wọn ò lè ṣi ohùn ọmọ wọn gbọ́. Mo bi wọ́n rí pé ṣé ẹ ò lè pè é lórí fóònù ni.

"Lórí fóònù, á ní dáadáa lòun wà. Irọ́ ni! Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí ni mo ti ń mọ̀ bí ó bá rẹ̀ ẹ́."

Bí bàálù bá ti kọjá lórí òrùlé wa, wọ́n á ní, "Káàbọ̀, ọkọ mi, kú ewu ọ̀nà." Wọ́n á bu omi tútù sí kọ́ọ̀bù, wọ́n á gbé e sẹ́nu ọ̀nà, bí a ṣe ń fún ẹni tó ti ìrìn-àjò dé lómi. Èmi ni mo máa ń mu ún.

Ohun tí wọ́n sọ di ẹjọ́ nìyẹn o! Lanlọ́ọ̀dù gbọ́ ohùn ọkùnrin ní yàrá opó, ó gbọ́ tí Màmá ń kí i káàbọ̀, kò sì rí ẹnikẹ́ni tó jáde. Ló bá ní Màmá ń bá òkú sọ̀rọ̀. Ìyá mi mọ òótọ́. Ọmọ yẹn ti jẹun nílé wa rí, tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ìyá mi ò la ẹnu.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni lanlọ́ọ̀dù kó àwọn aláṣọ funfun wá láti ìjọ rẹ̀. Mo pariwo pé, "Ọmọ wọn ni! Páílọ́ọ̀tì ni!" Ìyá mi gbá mi lẹ́nu. Wọ́n tú ẹ̀yìn rédíò, wọ́n da odindi ìgò omi àdúrà kan sínú rẹ̀, wọ́n gbé e lé Màmá lọ́wọ́, omi ń ro tótó.

"Ó ti mọ́ wàyí, Màmá," ni lanlọ́ọ̀dù wí tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọkùnrin yìí tún dúró, ó ń retí kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun!

Ọjọ́ mẹ́ta ni Màmá fi sá rédíò sóòrùn. Rédíò ò fọhùn mọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, bàálù kan ń kọjá. Màmá jáde tàwọn ti kọ́ọ̀bù omi, wọ́n gbójú sókè.

"Ṣé òun ni?"

Ta ni mo fẹ́ bi? "Òun ni, Màmá."

"Ṣé kò rẹ̀ ẹ́?"

"Kò rẹ̀ ẹ́ rárá."

Irọ́ tí mò ń pa lójoojúmọ́ nìyẹn títí a fi kó kúrò níbẹ̀.

Àwọn èèyàn ní kí n gbàgbé, pé àìmọ̀ ni. Ó dáa, kí ti lanlọ́ọ̀dù jẹ́ àìmọ̀. Ti ìyá mi ńkọ́? Láìpẹ́ yìí ni mo bi wọ́n, nínú pálọ̀ mi.

"Ilé onílé la wà nígbà yẹn," ni wọ́n wí. "Ṣé kí wọ́n lé wa jáde ni?"

Inú bí mi. Bàálù kan ń kọjá lórí ilé. Mo dìde, mo bu omi tútù sí kọ́ọ̀bù, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi ò lè wò ó.