Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Mo Fi Gbé Àlejò Ṣáájú Baba Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí. Mo fẹ́ ròyìn ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo di ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ ojú omi! Ní Èkìtì! Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe yẹ.

Ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni, tó jẹ́ pé Àkúrẹ́ la máa ń lọ bí ọ̀rọ̀ ìjọba bá kàn wá. Mo ń ṣe olùkọ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Ìdó-Ilé. Ìjọba ti dí odò kan nítòsí wa kí àwọn ìlú tó yí wa ká lè rí omi ẹ̀rọ mu, omi náà sì ti tẹ́ lọ bẹẹrẹ láàárín àwọn òkè. Ẹnjiníà tó ń mójú tó o, ọmọ Ìbàdàn kan tó fẹ́ràn fàájì, ra ọkọ̀ kékeré kan tó ní ẹ́ńjìnnì, ó ń fi ṣeré níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kò tíì lò ó pẹ́ tí ìjọba fi gbé e lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Ó ní òun kò lè gbé ọkọ̀ omi lọ síbi tí kò sómi. Ó tà á fún mi lówó pọ́ọ́kú. Bí ọkọ̀ náà ṣe di tèmi nìyẹn. Ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán gbinrin!

Kí ni tíṣà fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi ṣe? Ohun tí ìyàwó mi, Ìyá Fúnmi, bi mí gan-an nìyẹn. Mo sọ fún un pé fàájì ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Baba mi ló wà lọ́kàn mi.

Àárín omi yẹn ni Òkè Obì wà, abà tí wọ́n bí Bàbá sí. Nígbà tí omi kún, ó bo gbogbo oko tó wà nísàlẹ̀, orí òkè nìkan ló yọrí síta. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ìyá Bàbá sí. Kò sí símẹ́ńtì lójú oórì náà, kò sí òkúta tí wọ́n kọ orúkọ sí. Bàbá nìkan ló kù láyé tó lè na ìka sí ibẹ̀. Láti ìgbà tí omi sì ti gba ọ̀nà, kò débẹ̀ mọ́. Àwa ará orí òkè, ta ló ní ọkọ̀ nínú wa?

Ojú rẹ̀ wá ń ṣú lọ. Ọ̀tún ti kú pátápátá, òsì ń tẹ̀ lé e. Dókítà ojú ti sọ fún wa ní Adó pé èyí tó bá ti lọ kò ní padà mọ́.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà dé ilé wa, Bàbá fi ọwọ́ pa á láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ẹni tó ń yẹ màlúù wò. Tíṣà ló máa ń pè mí bó bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Tíṣà, gbé mi dé Òkè Obì kí iná yìí tó kú. Mo fẹ́ fi ojú mi rí ibi tí ìyá mi sùn sí. Màá sì fi hàn ẹ́."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n wà."

Ó ní ó dáa.

Ìdáhùn ọlọ́gbọ́n nìyẹn, àbí? Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iléèwé pé ABD ló ń ṣáájú ìwé kíkà! Mo gbé àgbá omi ńlá kan sí àgbàlá, mo so ẹ́ńjìnnì náà mọ́ etí rẹ̀, mo sì fa okùn rẹ̀. Há! Ariwo sọ, omi ń ta sókè, èéfín bo gbogbo ilé. Àlàájì, aládùúgbò wa, onímọ́tò ará Ìwó tó ti bá wa gbé títí tó fi gbọ́ Èkìtì jù wá lọ, sáré wọlé, ó ń bi wá pé kí là ń sè.

Mo ní, "A ò se nǹkan kan, ẹ́ńjìnnì ni mò ń dán wò."

"Nínú àgbá omi? Tíṣà, ìwé yìí ti pọ̀ jù lórí yín!"

Ẹnjiníà ti kọ́ mi díẹ̀ kó tó lọ: bí a ṣe ń po ọ́ìlì mọ́ bẹtiróòlù, bí a ṣe ń wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ìyókù, omi ló kọ́ mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fọ ọkọ̀ náà tónítóní bí ẹni ń fọ mọ́tò. Mo yọ róbà kékeré tó dí ihò ìdí rẹ̀ kí omi ọṣẹ lè jáde. Ta ló rántí dá róbà padà? Kí n tó mọ̀, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi, mo sì ń fi fìlà gbọ́n ọn.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ yẹn, bí o bá ti ọwọ́ rẹ̀ sí ọ̀tún, òsì ni imú ọkọ̀ ń kọ sí. Ẹni tó ti ń wa mọ́tò tipẹ́, báwo ni yóò ṣe gbà bẹ́ẹ̀? Ìgbà mélòó ni mo forí sọ etí omi! Ṣùgbọ́n mo fi sùúrù kọ́ ọ. Kó tó di pé òjò dáwọ́ dúró lọ́dún náà, mo ti lè gbé e lọ kí n sì gbé e bọ̀ láìforí sọ ibì kankan.

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n gbé Bàbá. Kí ló dé tí mi ò gbé e?

Ẹ mọ ìṣe wa. Bí ènìyàn bá ra ohun ìrìnnà tuntun, ará àdúgbò á wá bá a yọ̀, á sì gbé wọn yípo. Ẹni tí kò bá gbé wọn, wọ́n á ní ìgbéraga ti wọ̀ ọ́. Àlejò ló ń kọ́kọ́ wọlé, ará ilé á dúró sẹ́yìn, nítorí pé a kì í bá àlejò du àyè. Báyìí ni wọ́n tọ́ mi, báyìí ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ.

Àlàájì ló kọ́kọ́ jókòó. A dé àárín omi, ó di etí ọkọ̀ mú gírígírí.

"Tíṣà, níbo ni búrẹ́kì wà?"

"Kò ní búrẹ́kì, Àlàájì."

"Kò ní kí ni? Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀!"

"Síbo?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúrà. Nígbà tí a gúnlẹ̀, òun náà ló lọ ń ròyìn káàkiri ibùdókọ̀ pé òun ti fò lórí omi. Ẹ ò rí i pé òun ló kó èrò wá bá mi! Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi wá láti Ìjerò, àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa wá, ìbátan tí mi ò gbúròó rẹ̀ rí wá láti Ayétòrò.

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Bàbá á wọ agbádá rẹ̀, á dé fìlà, á jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Àlejò á dé. Bàbá á ṣí fìlà, á gbé e lé orúnkún. Á ní, "Máa gbé àlejò lọ o. Ará ulé lèmi." Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló máa ń sọ ọ́! Èmi náà á gbà á gbọ́, nítorí pé ó rọ̀ mí lọ́rùn.

Ìyá Fúnmi kò gbà á gbọ́. Ó pè mí sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Bàbá Fúnmi, ṣé ẹ rí i pé Bàbá ti ń fi ọwọ́ wá ife omi lórí tábìlì?"

Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, dandan ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀ ń na ọmọ tó bá pẹ́ dé."

Mo rẹ́rìn-ín. Àkókò ẹ̀rín kọ́ nìyẹn.

Ọyẹ́ ti dé nígbà tí mo wá mú ọjọ́ kan ṣinṣin fún Bàbá. Mo kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn pé mi ò ní gba àlejò. A ti gbé Bàbá dé etí omi, ó ti jókòó sórí àpótí, mo ń rọ bẹtiróòlù, ni mọ́tò kan bá dúró. Àwọn àna mi ni, láti Ẹ̀fọ̀n! Wọ́n ti gbọ́ nípa ọkọ̀ náà, wọ́n sì fẹ́ padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ta ni yóò sọ fún àna pé kó dúró? Mo wo ojú Ìyá Fúnmi. Àwọn èèyàn tirẹ̀ ni, síbẹ̀ ó ń mi orí sí mi pé rárá. Mo wo Bàbá. Ó ní, "Àna ni wọ́n, Tíṣà. Yí wọn po lẹ́ẹ̀kan. Mi ò lọ síbì kankan."

Mo yí wọn po.

Ẹ rántí pé omi yẹn bo oko mọ́lẹ̀ ni, wọn kò gé igi inú rẹ̀ kí ó tó kún. Ẹ̀ẹ̀rùn sì ti fa omi wálẹ̀. Bí mo ṣe ń sáré kí n lè gbayì lójú àna, a gbọ́ gbàù lábẹ́ ọkọ̀! Ẹ́ńjìnnì hu bí ẹran tí wọ́n dá lóró, ó dákẹ́. Kùkùté igi kan ti fọ́ abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí lábẹ́ omi tó ń ti ọkọ̀ lọ, ó sì ti ká ọ̀pá rẹ̀ kò. Ọwọ́ àti pákó ìjókòó la fi wa ọkọ̀ padà.

Bàbá dìde dúró nígbà tó gbúròó wa. Mo ní, "Bàbá, ó ti bàjẹ́."

Ó wá ní, "Ṣé àwọn àna wa ò farapa?"

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó bi mí? Kò bèèrè ìgbà tí a ó tún un ṣe. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

Mo wá ọ̀pá náà dé Àkúrẹ́, kò sí. Mo wá a dé Ìbàdàn, kò sí. Ẹnjiníà ọjọ́ yẹn ló bá mi rí i nígbẹ̀yìn láti Wàrrí. Òjò tuntun ti ń rọ̀ nígbà tó dé ọwọ́ mi. Ní gbogbo àkókò yìí, iná ojú Bàbá ń jó rẹ̀yìn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, oòrùn ti yọ kanlẹ̀, ó jókòó sétí ibùsùn, ó bi Ìyá Fúnmi pé ṣé ilẹ̀ kò tíì mọ́ ni. Ìyá Fúnmi jáde wá pè mí.

Mo tún ọkọ̀ ṣe. Mo gbé Bàbá. A ò gbé ẹlòmíràn, àwa méjì péré ni. Mo rọra wà á, mo gbé e pọ̀n gun òkè náà títí a fi dé abẹ́ igi obì kan. Ó fọwọ́ kan èèpo igi náà. Ó ní, "Ìwọ lo máa ń ní kí ọmọ iléèwé ṣàpèjúwe ohun tí wọ́n bá rí. Kí lo rí? Ṣàpèjúwe."

Mo ní mo rí igi obì, mo rí igbó, mo rí òkìtì amọ̀ níbi tí ògiri ti wó.

"Òkìtì wo? Èyí tó kọjú sí òkè Ìmẹ̀sí, àbí ti ìsàlẹ̀?"

Mo wò yíká. Òkìtì pọ̀, igbó ti bo gbogbo wọn, ọ̀kan jọ èkejì. Ó ní kí n mú òun lọ sọ́wọ́ òsì. Ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wá ilẹ̀, ó mi orí pé ibẹ̀ kọ́. A lọ síwájú, ó tún kúnlẹ̀. Ibẹ̀ kọ́. Títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ojú ló fi mọ ibẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọwọ́ kò mọ̀ ọ́n.

Ó jókòó sílẹ̀ sínú koríko tútù, ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó pariwo, bí ẹni ń pe èèyàn láti òdìkejì oko: "Ìyá mi! Mo dé o! Ibi yòówù tí ẹ bá wà níhìn-ín, èmi ọmọ yín ni!"

Nígbà tí a padà dé etí omi ìhà tiwa, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "O ṣeun, o gbìyànjú." Ìdúpẹ́ yẹn wúwo lọ́kàn mi ju ìbúni lọ, títí dòní.

Bàbá ti lọ tipẹ́. Ọkọ̀ náà ti lọ pẹ̀lú, mo tà á fún àwọn apẹja lápá Ìgbókòdá. Kò sẹ́ni tó mọ ojú oórì ìyá Bàbá, kò sì ní sẹ́ni tí yóò mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn ọmọ mi bi mí, mo ní ó wà lórí òkè, níbì kan.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ nìyí. Ìwà tó dára ni kí á bọlá fún àlejò, mi ò ní kí ẹ pa á tì. Ṣùgbọ́n bí àgbà ilé yín bá ní kí ẹ máa gbé ẹlòmíràn lọ, ẹ má fi etí nìkan gbọ́ ọ. Ẹ wo ojú rẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹ sì má dúró dìgbà tí ẹ bá mọ nǹkan ṣe tán kí ẹ tó ṣe é fún òbí yín. Mo mọ ọkọ̀ wà dáadáa nígbẹ̀yìn, àǹfààní wo ló ṣe?

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni ẹ sún síwájú fún òbí tàbí àgbà kan tí ẹ wá ń kábàámọ̀ rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ síbí kí àwa tó kù fi kọ́gbọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni màá kà á. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá ṣì wà láàyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó kọ ọ́ fún mi o. Ẹ dìde, ẹ lọ bá a.