Òórùn Ewé Tó Bá Mi Dé Ilé Àna

Òórùn náà kì í kúrò lára aṣọ. Mo fọ aṣọ títí, mo rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ mọ́jú, mo sá a sẹ́yìn ilé tí mo háyà yàrá sí ní Upney kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, pàbó ló já sí. Ó fara jọ káńfọ̀, ó tún fara jọ ewé gbígbẹ tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lára. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì, ẹni tó jókòó tì mí á yíjú sí fèrèsé. Mo rántí pé mo máa ń ṣe bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń rùn, èmi náà á máa yínmú.

Iṣẹ́ ewé dídì ni mo ń ṣe nígbà náà, ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creekmouth. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti gboyè jáde ní yunifásítì kí n tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì dá mi lójú pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń dúró dè mí, débi pé táì tí mo kó sínú àpótí pọ̀ ju ṣòkòtò lọ. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè táì. Séèjì ni wọ́n ń pe ewé náà, kì í sì í ṣe èyí tí àwọn òyìnbó ń fi se adìyẹ. Inú igbó ni tiẹ̀ ti ń hù fúnra rẹ̀, lórí àwọn òkè gbígbẹ ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí òjò ti lè kọ̀ láti rọ̀ fún oṣù púpọ̀. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, tó ti gbé lọ́hùn-ún rí, ló ṣàlàyé fún wa. Ó ní igi rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ga ju èèyàn lọ, ewé rẹ̀ funfun bíi pé wọ́n fi eérú pa á, irun wẹ́wẹ́ ara ewé náà ni kì í jẹ́ kí oòrùn fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Àwọn tó ni ilẹ̀ yẹn láti ọjọ́ pípẹ́ ń sun ún tí wọ́n bá ń gbàdúrà, wọ́n ń sè é mu fún ikọ́ àti ọ̀fun tó ń dùn wọ́n, wọ́n ń fi fọ irun, wọ́n tilẹ̀ ń lọ èso rẹ̀ jẹ. Àwa ní tiwa, a kàn ń dì í bí ìdì ẹ̀fọ́, a ń fi òwú wé e, a sì ń lẹ ìwé pélébé mọ́ ọn lára.

Ká ní mi ò ní ẹni tí mò ń fẹ́ ni, òórùn lásán ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ní àfẹ́sọ́nà, ọmọ tí wọ́n bí síbí, tó jẹ́ pé ìyá rẹ̀ nìkan ló tọ́ ọ dàgbà. Ìyá yìí jẹ́ àgbà nínú ìjọ Aládùúrà kan ní Barking, ọmọ rẹ̀ sì ti sọ fún mi gbangba pé òun ò ní ṣègbéyàwó kankan tí ìyá òun ò bá fọwọ́ sí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí wọn nílé wọn ní Whalebone, láti ibi iṣẹ́ ni mo ti lọ tààrà, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé òṣìṣẹ́ ni mí. Ọgbọ́n tèmi nìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò tí ì dìde tí wọ́n fi béèrè pé, "Kí lo jó kí o tó wá síbí?"

Ọmọ wọn gbà mí sílẹ̀. "Mummy, it's just work now. Ewé ni wọ́n ń pack níbẹ̀."

"Ewé wo? Kí ni wọ́n ń pè é ní Yorùbá?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Ewé orí òkè Amẹ́ríkà, ta ló fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ fún wa? Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gbà pé ohun kan wà tí mò ń ṣe ní kọ̀rọ̀. Wọ́n fún mi ní omi àdúrà, wọ́n ní kí n máa fi wẹ̀. Mo wẹ̀. N óò wẹ̀ láàárọ̀, n óò lọ síbi iṣẹ́, òórùn á ti padà sí mi lára kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á sì sọ fún ọmọ wọn pé ohun tó wà lára mi le débi pé omi ò ràn án. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ jàre irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Nígbà tó yá, mo rò ó pé kí n kúkú mú ewé náà lọ kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Mo gbé ìdì kan sórí tábìlì wọn bí ẹni tó gbé ẹ̀rí kalẹ̀ ní kóòtù. Wọ́n mú awò wọn, wọ́n fi sójú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé pélébé ara rẹ̀ sókè. Ìwé tí mo ti ń fọwọ́ ara mi lẹ̀ láti ọjọ́ yìí, mi ò kà á rí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹni tó bá rà á tanná ràn án, kí ó gbé e yí gbogbo igun ilé ká, ẹ̀mí burúkú yóò sì jáde.

Wọ́n yọ awò lójú. "Ta ló sọ fún ẹ pé ẹ̀mí burúkú wà nínú ilé mi?"

Ibi tó yẹ kí n ti dákẹ́ ni mo ti sọ̀rọ̀. Mo ní ṣebí tùràrí tí wọ́n ń jó ní ṣọ́ọ̀ṣì náà ń rú èéfín. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní tùràrí, àwọn gbàdúrà lé e lórí. Èyí ńkọ́, ta ló gbàdúrà lé e? Mo mọ̀ pé àwọn tó ni òkè náà ń gbàdúrà kí wọ́n tó já a, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ìyẹn, ó ti parí fún mi nìyẹn. Wọ́n wé ìdì náà sínú náílọ́ọ̀nù, wọ́n ní àwọn mọ bí àwọn ṣe máa sọ ọ́ nù. Wọ́n wá ní kí n mú ọ̀kan, iṣẹ́ yẹn tàbí ọmọ àwọn.

Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àfẹ́sọ́nà mi ní kí n má fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí ìyá òun, ṣùgbọ́n orí fóònù ló ti ń sọ ọ́, kò sọ ọ́ lójú wọn rí. Gbogbo ìgbà òtútù ọdún náà ni mo fi jókòó sílé, tí mò ń mu gààrì, kí n tó ríṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, níbi tí ara mi ti ń rùn fún oògùn ìfọlẹ̀ títí dòní. Kò sẹ́ni tó tíì bi mí pé kí ni mo jó.

A ṣègbéyàwó. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ìyá ìyàwó mi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, òórùn séèjì sì gbá mi nímú. Mo kọ́kọ́ rò pé imú mi ló ń tàn mí. Nígbà tá a délé tí mo béèrè, ẹ̀rín ò jẹ́ kí ìyàwó mi lè sọ̀rọ̀. Ó ní Mummy ò sọ ọ́ nù rárá. Wọ́n tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí tí sùtánà wọn wà títí wọn á fi mọ ibi tí wọ́n máa dà á sí, wọ́n gbàgbé, kòkòrò tó ti ń jẹ sányán tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún wọn kò sì dé àpótí náà mọ́.

Ní báyìí, èmi ni wọ́n ń rán lọ rà á sínú àpótí náà. Mò ń dúró ní kántà ṣọ́ọ̀bù ra ohun tí mo ti ń dì tẹ́lẹ̀, mo sì ń gbé e wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Whalebone, ẹni tó bá jókòó tì mí á sì yíjú sí fèrèsé. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, wọn ò dárúkọ iṣẹ́ yẹn rí, èmi náà ò sì bi wọ́n. Mo fẹ́ràn wọn, inú wọn sì ṣì ń bí mi. Nígbà tí mo gbé e dé kẹ́yìn, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbàdúrà lé e lórí, mo ṣí fìlà, mo ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo kóòtù ọrùn mi.

"Má jẹ́ kó máa kan aṣọ ẹ o," ni wọ́n wí. "Òórùn ẹ̀ kì í kúrò."

Mo ní mo ti gbọ́, mà.