Pẹ̀lẹ́ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Má Sọ

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn, nígbà tí wọ́n ní kí a lọ jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́, n kò jẹun. Mo wọ ọkọ̀ láti inú ọgbà yunifásítì lọ sí Lágéré, níbi tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta nǹkan ìṣaralóge. Gíláàsì ni iwájú rẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ nínú rẹ̀, gílóòbù sì yí dígí tó wà lórí káńtà ká. N kò lọ ra nǹkan kan. Ohun tí mo bá lọ ni pé mo fẹ́ kọ́ ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ní bí yóò ṣe dá ọmọ mi lóhùn tí a bá dé ní Sátidé.

Mo dúró títí obìnrin tó ń ra ìtọ́tè fi lọ. Ọmọbìnrin náà kò tíì ju ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún lọ, ó wọ aṣọ pínǹkì tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì tẹ orúnkún kí mi, èyí tó jẹ́ kí n rò pé yóò ṣeé bá sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé ọmọ mi obìnrin ń bọ̀, pé òróró gbígbóná ta sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì ní èṣí, àpá rẹ̀ sì lọ títí dé ọrùn. Mo ní bó bá ti rí i, kó má sọ pé pẹ̀lẹ́. Kó má béèrè ohun tó ṣe é. Kó má sì gbé ìpara tó ń bóra jáde pé yóò pa àpá rẹ́, nítorí mo mọ̀ wọ́n, òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń nà sí ènìyàn kí ènìyàn tó lanu. Ìpara aláwọ̀ ara tí wọ́n ń fi sójú ṣáájú àtíkè ni a fẹ́ rà, kó wá èyí tó bá ojú ọmọ náà mu, ó parí.

Ó ní kò sí wàhálà. Lẹ́yìn náà ló ronú díẹ̀. "Tí mi ò bá wá sọ pẹ̀lẹ́, mà, ṣé wọn ò ní sọ pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé?"

Mo ní kó fi ẹ̀kọ́ ilé yẹn sílẹ̀ fún mi.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe. Bí ènìyàn bá kọsẹ̀ lójú títì, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò ti òdìkejì kí i pẹ̀lẹ́. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, èmi náà máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọdún kan gbáko kí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún pẹ̀lẹ́ ná. Ẹni tó ń ta ata kí i. Ọlọ́kadà tó gbé wa kí i, ó sì tún ń yẹ̀ ẹ́ wò nínú dígí ọkàdà rẹ̀ títí a fi délé. Ìyá kan tó jókòó tì wá ní mọ́ṣáláṣí di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó sì gbàdúrà fún un títí tí àwọn tó wà níwájú fi yíjú. Gbogbo wọn ló ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ọmọ náà sì tó lanu, èmi ti dáhùn pé sítóòfù wa ló yẹ̀. Nígbà tó yá, kò lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ́. Kò jíṣẹ́ lọ sí ìta mọ́. Ìborùn rẹ̀ wá di ohun tó ń fi ọwọ́ fà bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní gbogbo ìgbà, àní nínú ilé.

Yunifásítì gbà á wọlé lọ́dún yìí. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé Sátidé yẹn ni wọn yóò wọ agbádá akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, wọn yóò sì ya fọ́tò. Ó ti sọ pé òun kò ní lọ. Mo bẹ̀ ẹ́, mo jágbe mọ́ ọn, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ìrọ̀lẹ́ Àìkú ló wá bá mi ní kíṣíìnì, tó ní bí a bá rí ìpara tó bá awọ òun mu, òun yóò lọ ya fọ́tò náà. N kò lè sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Ó dà bíi pé ẹnìkan ṣílẹ̀kùn fún mi díẹ̀, mo sì ń bẹ̀rù kí afẹ́fẹ́ má tún tì í.

Kí n má tan ara mi jẹ, èmi tí mò ń retí ìtọ́jú gidi lẹ́nu káńtà yìí, ojú fèrèsé ọ́fíìsì ni èmi náà ti ń dá akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn ní yunifásítì. Bí wọ́n bá mú fọ́ọ̀mù wá, fọ́ọ̀mù ni mo máa ń wò. Mo lè ṣiṣẹ́ di ọ̀sán kí n má mọ ojú ẹnì kan nínú wọn. Wọ́n kó wa jọ nígbà kan, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń gba ènìyàn tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún wa ní ìpápánu, nígbà tó di ọjọ́ kejì a padà sí bí a ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá kan kí èmi dúró níwájú ẹlòmíràn, mo máa ń fẹ́ kí wọ́n gẹ̀ mí bí ẹyin.

Kì í ṣe pé a kò ní oníbàárà tiwa. Obìnrin kan wà nítòsí Ẹnuwá, Modákẹ́kẹ́ ló ti ń wá láràárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ń ra àtíkè àti tìróò kí n tó bí ọmọ yìí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju káńtà kékeré kan lọ, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà àti dígí ọlọ́wọ́ tó ti sán létí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ohun tó bá rí ló ń sọ. Nítorí náà, láti ìgbà tí òróró ti ta sí ọmọ mi, n kò mú un débẹ̀. Èmi gan-an kò débẹ̀. Ibòmíràn ni mo ti ń rajà, tí mo bá sì fẹ́ gba Ẹnuwá kọjá, ìsàlẹ̀ báàgì ni mo máa ń ki ohun tí mo rà sí, nítorí ẹni tó bá ní oníbàárà mọ bí ojú ṣe máa ń tini tó bó bá rí náílọ́ọ̀nù ṣọ́ọ̀bù mìíràn lọ́wọ́ ẹni.

Ní àárọ̀ Sátidé, ara mi kò lélẹ̀ rárá. Mo po tíì, n kò mu ún. Mo ti ilẹ̀kùn, mo tún padà lọ wò ó bóyá mo tì í. Ojú ọ̀nà tààrà láti Ìlódè, níbi tí à ń gbé, sí Lágéré, Ẹnuwá ló gbà kọjá, mo sì ní kí a gba ẹ̀yìn. Ọmọ mi béèrè ìdí rẹ̀. Mo ní oòrùn ni. Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù, kò sí oòrùn kankan níbì kan. Ó wò mí, ó sì ń rìn lọ.

Ọmọbìnrin káńtà mọ̀ wá láti ẹnu ọ̀nà. Ó kí wa, ó sì gbójú sókè sí orí pẹpẹ, láti ìgbà yẹn kò sì gbé ojú náà padà sára ọmọ mi mọ́. Ó ń to ìgò ìpara sílẹ̀, ó ń ka nọ́ńbà ara wọn bí ẹni ń ka orúkọ ní kíláàsì. Ó mú ọ̀kan, ó fi tọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ mi, ó ní ó bá a mu. Ọmọ mi ní ẹ̀yìn ọwọ́ òun dúdú ju ojú òun lọ. Ó ní òótọ́ ni, ó mú òmíràn, ẹ̀yìn ọwọ́ kan náà ló tún fi í sí. Mo dúró sẹ́yìn wọn, mò ń yí kọ́kọ́rọ́ ilé nínú ọwọ́, mò ń sọ nínú ara mi pé ó ń ṣe dáadáa, kó máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni obìnrin kan wọlé, tó ní àtíkè òun ti tán. Ojú ọmọbìnrin náà tú ká. Ó di àgbọ̀n obìnrin yẹn mú, ó yí i sí ibi tí gílóòbù wà, ó ní ooru ti mú kó dúdú sí i, kó má ra ti àtijọ́ mọ́. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà rà á, ó sì lọ. Inú dígí ni ọmọ mi ti ń wò wọ́n ní gbogbo àkókò náà.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà padà sọ́dọ̀ wa, tó tún na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ mi, ọmọ mi fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó tú ìborùn kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ní wo ojú mi ni?"

Ọmọbìnrin náà kò wò ó. Èmi ló wò, bí ẹni tó ń tọrọ àyè. Ọmọ mi rí i nínú dígí.

"Màmá," ó ní, "ẹ ti wá síbí ṣáájú."

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má bínú, pé wọ́n ní kí òun má ṣe báyìí, kí òun má ṣe báyẹn. Ọmọ mi nu ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jáde.

Lójú títì, ẹnu mi là. Mo ní ṣé báyẹn ni wọ́n ṣe ń tajà, gíláàsì ni wọ́n rówó kọ́, wọn kò rówó kọ́ òṣìṣẹ́, pé n kò tún ní fi ẹsẹ̀ mi tẹ ibẹ̀ mọ́. Mo ń sọ ọ́, mo sì mọ̀ pé ohun tí mo ní kí ọmọlọ́mọ ṣe gan-an ló ṣe. Ọmọ mi ń rìn níwájú. Ó sọ láìyíjú pé ó sàn kí wọ́n kí òun pẹ̀lẹ́ ju kí wọ́n máa ṣe bíi pé òun kò sí níbẹ̀ lọ. Nígbà tí a dé ibi tí ó yẹ kí a yà, kò yà. Ọ̀nà Ẹnuwá ló gbà. Mo pè é, mo sì ń sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú bàtà tó ń há mi lẹ́sẹ̀.

Oníbàárà wa ń to ọṣẹ sórí tábìlì nígbà tí a dé. Ó ní èmi ni mo já òun sílẹ̀ tó báyìí. Kí n tó wá àwáwí, ọmọ mi ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó sì ti ṣí ojú.

Obìnrin náà fi ọṣẹ sílẹ̀. Ó nu ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó yí ojú ọmọ mi síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Mo wúkọ́. Mo tún wúkọ́. Kò kà mí sí.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ó ní. "Kí ló ta sí ọ?"

Mo ti lanu láti sọ ti sítóòfù, ọmọ mi ló yá jù mí lọ.

"Òróró ni, mà. Mò ń din dòdò. Màmá mi ń kánjú jáde, wọ́n kígbe pè mí láti pálọ̀ pé kí ni mò ń ṣe látàárọ̀. Mo sáré yíjú, ọwọ́ mi gbá etí páànù. Kò sí ohun tó ṣe sítóòfù."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó sọ ọ́ bí ènìyàn ṣe ń sọ orúkọ àdúgbò rẹ̀. Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ mi sí. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé igbe mi ni. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé òun náà mọ̀, tó sì ń gbọ́ tí mo ń fi sítóòfù dáhùn lójú rẹ̀, fún ẹlẹ́ran, fún ìmáàmù, fún àwọn dókítà pàápàá.

Oníbàárà wa kò wò mí. Ó tún ní pẹ̀lẹ́, ó sì fa ìgò méjì jáde, ó po wọ́n pọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà. Ó nù ún kúrò, ó tún un pò. Ó ní òun kò ní parọ́ fún un, kò ní bo àpá náà tán, àwọ̀ ojú rẹ̀ ni yóò dọ́gba, ẹni tó bá sún mọ́ ọn yóò ṣì rí i. Ó gbé dígí fún un. Ọmọ mi wo ara rẹ̀ ní òsì, ó wò ó ní ọ̀tún, ó padà sí òsì.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Mo lè fi ya fọ́tò."

Ohun tí mo ń wá kiri láti Àìkú nìyẹn, ó ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi kò sì dùn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń ka gbogbo ẹni tó ti kí ọmọ mi pẹ̀lẹ́ láti ọdún kan: aláta, ọlọ́kadà, ìyá mọ́ṣáláṣí, oníbàárà. N kò rí ara mi níbẹ̀. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, mo ra oògùn, mo bá àwọn nọ́ọ̀sì jà, mo lé àwọn tó ń wò ó. Ọ̀rọ̀ kan yẹn, n kò sọ ọ́ rí, nítorí bí mo bá sọ ọ́, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn.

Ó dìde, ó gba náílọ́ọ̀nù. A ti rìn díẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án léjìká.

"Pẹ̀lẹ́," mo ní. "Èmi ni mo pariwo mọ́ ọ."

Ó dúró. Ó wo ojú mi bí oníbàárà yẹn ṣe wo ojú tirẹ̀, láìkánjú.

"Ẹ ṣeun, mà," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹ̀."

Kò fa ìborùn bojú mọ́ títí a fi dé Ìlódè. Èmi ni n kò lè gbójú sókè.