Ìwé Àlọ́ tí Victorine Gbé Dé Okpomèta Lọ́sàn-án

Ní ọdún kejì lẹ́yìn òmìnira Dahomey, tó di Benin lónìí, ni Victorine Ládélé tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Olùkọ́ ni ní Kétu. Ìwé Faransé tí àwọn ọmọ ń kà lọ́dọ̀ rẹ̀ kún fún yìnyín àti igi tí wọn ò rí rí, ó sì ti sú u. Ló bá kó àlọ́ tí ìyá rẹ̀ ń pa fún un jọ, ó kọ wọ́n ní èdè tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré, ó sì fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àwọn fadá ìjọ Àgùdà tẹ̀ wọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún yíǹkì, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Yíǹkì ò tíì gbẹ dáadáa tó fi gbé e lọ sí Okpomèta, abúlé ìyá rẹ̀. Bí àwọn ọmọ ibẹ̀ bá gbà á, á máa kọ òmíràn. Bí wọn ò bá gbà á, ta ni yóò tún kọ̀wé fún? Ó kó wọn jọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó ṣí ìwé, ó ké tayọ̀tayọ̀:

“Ààlọ́ o!”

Àwọn ọmọ wo oòrùn lókè, wọ́n wo ara wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sún sẹ́yìn.

Èṣùgbàyí, àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń bẹ gbágùúdá nítòsí, ju ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Victorine! Gbogbo ìwé tó o kà yìí, wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án?”

“Bàbá, ẹ má bínú. Ìwé ni mo fẹ́ kà.”

“Ìwé ló ké ‘Ààlọ́ o’ yẹn? Ẹnu rẹ ni mo gbọ́!”

Ojú tì í. Ọ̀sán nilé ìwé ń ṣí. Kí ni yóò fi ìwé tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ nìkan ni a lè kà ṣe? Ó fẹ́ pa á dé, àmọ́ ó béèrè pé:

“Ó dáa, Bàbá, kí lẹ̀yin máa ń sọ fọ́mọ lọ́sàn-án?”

“Ohun tójú mi rí ni! Bí ọjọ́ tí àgbò mi fò sínú ọkọ̀ akẹ́rù lọ́jà Adakplamè. Ọkọ̀ gbéra, mò ń sáré tẹ̀lé e, mò ń juwọ́. Awakọ̀ rò pé mo ń kí òun pé ó dàbọ̀, lòun náà bá ń juwọ́ sí mi!”

Ẹ̀rín bú. Àwọn ọmọ ti padà, wọ́n ń ti ara wọn kí wọ́n lè sún mọ́ ọn.

Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé: “Ṣé ẹ bá a, Bàbá?”

Ìtàn tí oòrùn ò kọ̀ rèé! Victorine yí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ sókè, ó ń kọ ọ́ síbẹ̀ kíákíá. Láti ọjọ́ náà títí irun rẹ̀ fi funfun, oríṣi ìwé ọmọdé méjì ló ń tẹ̀: ti àlọ́ fún ìrọ̀lẹ́ nílé, ti ohun tójú rí fún ọ̀sán nílé ìwé.

Lábẹ́ igi máńgòrò lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Èṣùgbàyí na ọrùn wo ohun tó ń kọ.

“Kí lò ń kọ?”

“Àgbò yín ni, Bàbá.”

“Kọ ọ́ pé ó tóbi o! Kí wọ́n má lọ rò pé torí àgbò kékeré ni mo ṣe sáré bẹ́ẹ̀.”