Ọjọ́ Méjì Láìfọwọ́kan Sípánà

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ni ẹnì kan jẹ ẹnì kejì nínú ilé Fàtíù. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó jẹ ẹ́. Èmi ni mo kọ ìwé àdéhùn náà, èmi náà ni wọ́n ń kó ẹjọ́ rẹ̀ wá bá, nítorí náà kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí. Ibi tí ẹnu àwọn méjèèjì ti kò ni mo gbà gbọ́.

Iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni Fàtíù ń ṣe. Ọdún kẹtàlá rè é tó ti ń san owó ṣọ́ọ̀bù fún mi ní Addo, lẹ́bàá Ajah, kò jẹ mí ní kọ́bọ̀ rí, ìyẹn ni mo ṣe ń pè é ní ènìyàn gidi. Ó kúrú, ó sanra díẹ̀, ọ́ìlì dúdú ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀ débi pé bó bá ń ṣe àlùwàlá, àfi bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò. Ṣùgbọ́n etí ló fi ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ lọ. Bó bá dúró sójú títì, yóò kàn gbọ́rí sókè, yóò ní, "Ẹ gbọ́ tìyẹn? Ó ń mu epo bí àna ṣe ń mu ọtí ọ̀fẹ́." Kò tíì rí ẹ̀rọ náà sójú o. Àwọn ọlọ́lá inú ẹ́sítéètì VGC mọ nọ́ńbà rẹ̀ ju ti dókítà wọn lọ. Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀, wọn a máa ké sí i lórí fóònù bí ẹni pé ooru fẹ́ gba ẹ̀mí wọn, àwọn tó jẹ́ pé abẹ́ igi ọsàn ni ìyá wọn ti ń fẹ́ wọn ní abẹ̀bẹ̀ ní kékeré.

Ràhímátù ni ìyàwó rẹ̀. Ó ń ta ẹja inú yìnyín, ojúlé kẹta sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀. Ó lẹ́nu, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n rẹ̀ kì í parọ́. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan ló wọlé tọ̀ mí wá, ó fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni fa olè.

"Bàbá Fúnmi, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè. Ogún ọdún tí mo ti wà nílé wọn, jẹnẹrétọ̀ ni ìyáálé mi. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ Bàlíkísù, àfáà ń ṣàdúà lọ́wọ́, a ń ṣe àmín, bí mo ṣe lajú, ọkọ mi ti wà lórí ọ̀kadà."

"Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti pè mí," ni Fàtíù wí.

"Ilé ìwòsàn ajá ni! Ajá àwọn òyìnbó ni ooru ń mú!"

Fàtíù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ìlì abẹ́ èékánná rẹ̀.

Ohun tó gbé Ràhímátù wá ni tíkẹ́ẹ̀tì méjì, tó fi owó ara rẹ̀ rà. Olórin àpàlà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹyẹ Ọ̀sà. Ishaq ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ti tó ọdún méje tó ti kọrin ní gbangba kẹ́yìn. Orin rẹ̀ kan, èyí tó fi ń bẹ atukọ̀ pé kó má pẹ́ lórí omi, ni wọ́n fi jó lọ́jọ́ nìkáà wọn. Ẹyẹ Ọ̀sà fẹ́ kọrin ní Ẹ̀pẹ́ ní ọ̀sán Sọ́ńdè. Ràhímátù fẹ́ kí àwọn lọ láti Sátidé, kí àwọn sùn síbẹ̀, kí ọkọ òun jókòó ti òun gbọ́ orin yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Bí ẹ bá tún dìde fi mí sílẹ̀ níbẹ̀," ló wí, "èmi àti ẹ̀yin ò ní jọ jáde mọ́ láyé. Òkú o, ìgbéyàwó o, ti Bàlíkísù pàápàá, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ."

Kò fi ṣeré. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé omi fẹ́ wà níbẹ̀.

Fàtíù náà rí i. Ó ní, "Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Ọjọ́ méjì, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sípánà. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, fọ́tì táúsáàn."

"Ìwọ ńkọ́? Ta ló ń gbé fóònù létí sàárè bàbá mi, tó ń pariwo pé Títù ti tán, Pánlá ló kù?"

"Ó dáa. Kó kan àwa méjèèjì."

Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn: ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bá ṣiṣẹ́ láàárín àárọ̀ Sátidé sí alẹ́ Sọ́ńdè yóò san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì fún ẹnì kejì. Fàtíù ní kí n fi kún un pé ẹnu kì í ṣe iṣẹ́, ọwọ́ ni iṣẹ́, nítorí òun mọ ara òun. Ràhímátù ní kí n kọ ọ́, pé bí wọ́n bá tún gba ẹnu lọ́wọ́ ọkọ òun, àga lásán ni òun ń gbé lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Mo yá wọn ní Kòróólà mi, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, nítorí táyà. Epo, ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹgbẹ̀rún méjìlélógún. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ọgbọ̀n. Ẹ rò ó pọ̀: ẹgbẹ̀rún lọ́nà mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, wọn ò tíì fi ẹran kan ẹnu, láti lọ gbọ́ orin tó wà nínú fóònù wọn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Ràhímátù. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ní Bíbélì nílé, Bàbá, ẹ sì ń wọ mọ́tò lọ ṣọ́ọ̀ṣì." Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Wọn ò tíì kọjá Ṣàńgótẹ̀dó tí àwọn VGC fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Fàtíù ò gbé e, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá dún ni mọ́tò ń yà bàrá. Ràhímátù gba fóònù náà, ó tì í bọ inú kọ́mú.

"Ẹni tó bá ń wá yín, kó wá síbí."

"Bó bá wá ńkọ́?"

"Á bá mi níbẹ̀."

Ní Awóyáyá, Fàtíù gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ilé búrẹ́dì kan, ó ní ìlẹ̀kẹ̀ irin tó ń yí nínú rẹ̀ ti jẹ. Níbi tí àwọn tírélà ti ń yà lọ sí Lẹ́kkí Free Zone, ó gbọ́ òmíràn, ó ní ẹni tó tún ìyẹn ṣe kẹ́yìn yóò jíyìn níwájú Ọlọ́run. Ó tún ní bẹ́líìtì fáànù mọ́tò mi ń sunkún. Irọ́ ni. Oṣù tó kọjá ni mo rà á.

Ọjà ẹja ní Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti kan Ràhímátù náà. Wọ́n ní kí àwọn wá ọ̀bọ̀kún kan jẹ. Bí ẹlẹ́ja ṣe dárúkọ iye tó fẹ́ tà á, Ràhímátù rí i pé ìdajì owó Ajah ni. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń ṣa ẹja sínú apẹ̀rẹ̀.

Fàtíù lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Jíjẹ ni àbí títà?"

"Jíjẹ ni."

"Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta?"

"Ebi ń pa mí."

"Ọwọ́ ẹ ti wà lórí rẹ̀ o. Fọ́tì táúsáàn."

Ó ju apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé ejò wà nínú rẹ̀. Ẹlẹ́ja náà bú wọn títí wọ́n fi dé ìdí mọ́tò, ó ní àwọn ará Èkó, wọn a wọ aṣọ tán, àpò á ṣófo. Wọ́n rẹ́rìn-ín dé òtẹ́ẹ̀lì. Ràhímátù sọ fún mi pé òun ò rántí ìgbà tí àwọn ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Mi ò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì. Ẹgbẹ̀rún méjìlélógún ni wọ́n san, ó yẹ kí wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, aago méjì ni wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì, aago mẹ́rin ni Ẹyẹ Ọ̀sà jókòó sórí àga. Èèyàn á tó ẹgbẹ̀ta nínú gbọ̀ngàn náà. Gíláàsì ni gbogbo ògiri rẹ̀, fèrèsé kan ò ṣeé ṣí, éésì nìkan ló ń gbà wọ́n là. Fàtíù jókòó jẹ́ẹ́ ti ìyàwó rẹ̀, nígbà tó yá ó fẹnu sí i létí.

"Ràhíìmọ̀, epo jẹnẹrétọ̀ wọn ń tán lọ."

"Ẹ gbọ́ orin."

"Wọn ò tètè bu epo sí i. Bó bá gbẹ pẹ́nrẹ́n..."

"Ẹnu kì í ṣe iṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ ti da itọ́ sí mi létí."

Àsìkò orin atukọ̀ dé. Àwọn àgbà obìnrin ti dìde. Ẹyẹ Ọ̀sà di ojú, ó ní:

*Atukọ̀, má jẹ́ kílẹ̀ ó ṣú ọ,*
*ẹni tó ń retí rẹ ò tíì fọwọ́ kan ọbẹ̀...*

Ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan dákẹ́. Máìkì kú, éésì kú. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, léèsì olówó iyebíye ti lẹ̀ mọ́ èèyàn lára bí ewé mọ́ mọ́ínmọ́ín. Alhájì kan bọ́ agbádá, ó bọ́ dàńṣíkí, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì, ìyẹn náà sì ti lu. Wọ́n gbọ́ tí wọ́n ń da epo sí ẹ̀rọ lẹ́yìn ilé, tí wọ́n ń kíìkì rẹ̀. Kò dáhùn.

"Afẹ́fẹ́ ti wọ ọ̀nà epo," ni Fàtíù ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ bí àfáà tó ń ka wúrùdù. "Bí wọ́n da gbogbo ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ sí i, kò ní jí. Bátìrì ni wọ́n máa pa." Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìdí, ó jókòó lé wọn.

Obìnrin tó ṣètò eré náà, Ọlábùnmí, jáde síwájú, ó ń fi ẹnu lásán pariwo: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mẹkáníìkì kankan wà láàárín wa?"

Fàtíù gbójú sókè, ó ń ka bọ́ọ̀bù àjà. Ràhímátù ń wò ó. Òógùn ń kán láti fìlà rẹ̀ sórí imú, kò nù ún, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò ráyè. "Bàbá," ni Ràhímátù padà wí fún mi, "ìgbà àkọ́kọ́ rè é tí mo rí ọkọ mi tí ìyáálé mi ń pè é, tí kò jẹ́ ẹ."

Ìdajì wákàtí kọjá. Ọlábùnmí tún jáde. Ó ní kí wọ́n má bínú, wọ́n ti fẹ́ gbé Ẹyẹ Ọ̀sà lọ sílé nítorí ooru, kò sì sí owó tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn máa dá padà.

Ràhímátù ní, "Ẹ dìde."

"Lọ síbo?"

"Ẹ lọ tún un ṣe."

"Èmi? Fọ́tì táúsáàn ńkọ́?"

"Mo ti yọ̀ǹda yín."

"Bàbá Fúnmi ló kọ ìwé, ìwọ kọ́ lo máa pa á rẹ́. Ogún ọdún lo fi ń sọ pé n kì í jókòó. Mo ti jókòó báyìí."

"Bàbá Bàlíkísù, ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún ni tíkẹ́ẹ̀tì!"

"Mo gbọ́."

Ràhímátù fi orúkọ kan pè é tí wọ́n kọ̀ láti sọ fún mi. Lẹ́yìn náà ó tú gèlè, ó fi gbá ìbàdí, ó fà á ní apá, ó ní kó máa bọ̀ wá fi ẹnu ṣe é.

Clement ni orúkọ ọkùnrin tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ náà. Bó ṣe rí wọn, ó ní, "Màdámù, ilé ìtọ̀ wà lápá kejì."

"Fún mi ní sípánà nọ́ńbà méjìlá."

Fàtíù dúró sí ẹsẹ̀ mẹ́ta sí wọn, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ọlọ́pàá tí wọ́n fi ṣọ́ òkú. "Nọ́ọ̀tì kékeré yẹn, lókè àsẹ́ epo. Tú u díẹ̀, má yọ ọ́ tán. Ọwọ́ òsì..."

"Mo mọ̀ ọ́n! Ojú oorun lẹ ti ń sọ ọ́ fún mi láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín."

Ó tú u. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ páǹpù kékeré ìdí rẹ̀, fú, fú, fú. Ìfófó jáde bí ọṣẹ, ó tún jáde, lẹ́yìn náà epo tó mọ́ fọ́n jáde láìní afẹ́fẹ́ nínú, ó bá léèsì rẹ̀ láyà. Ó di nọ́ọ̀tì náà.

"Kíìkì ẹ, Clement."

Ó kíìkì ẹ lẹ́ẹ̀kan, kò gbà. Lẹ́ẹ̀kejì, bátìrì ti ń sọ̀rọ̀ bí arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká. Lẹ́ẹ̀kẹta ó gbà, ilẹ̀ gbọ̀n. Wọ́n gbọ́ ariwo ayọ̀ látinú gbọ̀ngàn.

Clement ní, "Ìyá wa, mẹkáníìkì ni yín?"

"Ẹja ni mò ń tà."

Ọlábùnmí sáré dé, ó ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta, ó nà án sí Fàtíù, nítorí òun ni ọkùnrin níbẹ̀. Fàtíù fo sẹ́yìn bí ẹni rí iná. Ràhímátù na ọwọ́ ọlọ́ìlì, ó gbà á, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n padà sórí àga wọn, Ẹyẹ Ọ̀sà sì tún orin náà bẹ̀rẹ̀ láti orí. Fàtíù yọ ọwọ́ sílẹ̀, ó di ìyàwó rẹ̀ mú, ó ń gbe orin náà lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ohùn burúkú kan tó ní. Ó jọ pé gbogbo nǹkan ti tò. Àfi bí Ràhímátù ṣe gbọ́rí sókè.

"Ẹ gbọ́ yẹn?"

"Orin ni."

"Ẹ̀rọ yẹn ń já lóhùn. Bóyá mi ò di nọ́ọ̀tì yẹn le."

"Ràhíìmọ̀, jókòó."

"Ìṣẹ́jú kan."

Ó dìde. Ó tẹ àwọn èèyàn lẹ́sẹ̀ kọjá, ó jáde. Nọ́ọ̀tì le, kò sí ohun tó ṣe é. Ó tún un dì, ó bá Clement sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń bu epo, ó bá a wo ọ́ìlì. Nígbà tó fi padà dé, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́, Ẹyẹ Ọ̀sà ti ń mu omi. Fàtíù nìkan ló jókòó síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga òfìfo.

Ó kàn fi ọwọ́ gbọn eruku orí àga náà fún un.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè wọ́n gbé ẹjọ́ dé. Ràhímátù ní ọkọ òun ló jẹ gbèsè, ẹnu tó fi kọ́ òun níṣẹ́ ti ju iṣẹ́ lọ, léèsì òun sì ti bàjẹ́. Mo ṣí ìwé. Mo ní ọwọ́ ni ìwé wí, ọwọ́ tìrẹ ló di sípánà mú lẹ́ẹ̀mejì, o sì gba owó. Yọ ogójì nínú àádọ́ta, ó ku mẹ́wàá, mẹ́wàá náà ni owó táyà tí ẹ jẹ mí. Ó ka mẹ́wàá lé mi lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, ó ní ti ogójì, òun ò jẹ ẹnikẹ́ni. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, ó ń pariwo iye tí Títù wà.

Mo ní kí Fàtíù jẹ́ kí n bá a pè é padà, pé mo lè gba owó náà fún un kílẹ̀ tó ṣú.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá," ló wí. "Ogún ọdún ni èmi nìkan ti ń jẹ gbèsè nínú ilé yẹn. Ẹ jẹ́ kí òun náà jẹ ẹ́ fúngbà díẹ̀."