Obìnrin Onígarawa

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó pé oṣù mẹ́rin tí omi ẹ̀rọ kò ti yọ ní àdúgbò náà. Ilé iṣẹ́ omi fúnra rẹ̀ kò jiyàn.

Ọjọ́ yẹn ni àwọn ará àdúgbò gbé pátákó lọ síwájú ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ kún inú ọ̀pọ̀ pátákó bí ìwé ẹjọ́, kò sẹ́ni tó dúró kà á. Èyí tí ayàwòrán àdúgbò ṣe ló gba ojú gbogbo ènìyàn: obìnrin kan gbé garawa sórí, ó la ẹnu gbàgà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló kọ "OMI DÀ?" sí. Ìyàwó ara rẹ̀ ni ayàwòrán náà wò yà á. Igbe kíké kò sì nira fún un. Láti ìdájí ló ti ń pọnmi kiri.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá kan láti ilé iṣẹ́ omi fi yà sí ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán náà.

"Ẹ bá wa ya obìnrin yìí ní ńlá fún ìkóríta. Gbogbo iṣẹ́ pátákó wa di tiyín. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ nìkan lẹ máa yí. Ẹ kọ 'Ẹ ṢEUN O.'"

"Ẹnu tó là yìí ńkọ́, sà?"

"Ìdùnnú ni. Ṣé ẹni tó ń dúpẹ́ kì í la ẹnu ni?"

Ayàwòrán fọwọ́ bo ọ̀rọ̀ náà. Lóòótọ́, obìnrin náà fẹ́ jọ ẹni tó ń kọrin. Ayàwòrán ní òun rò ó jinlẹ̀. Àwọn tó múlé gbè é ní ọ̀gá náà kò tíì dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀ tí ayàwòrán fi ṣí agolo ọ̀dà. Kò sọ nílé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyàwó rẹ̀ ń gba ìkóríta lọ sí kànga. Ó gbójú sókè, ó rí ara rẹ̀, ó ga ju òrùlé lọ, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ omi. Àwọn obìnrin tó tò sídìí kànga ti ń retí rẹ̀.

"Ìyá olómi, ẹ kú oríire."

"Kí lo tún ń wá níbí? Ṣebí omi ti yọ nílé tìrẹ."

"Bóyá ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ kànga náà ni."

Wọ́n tì í sẹ́yìn títí kànga fi ku ẹrẹ̀. Ó gbé garawa òfìfo kọjá sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, níbi tí ọkọ ti ń po ọ̀dà fún pátákó mìíràn tí ilé iṣẹ́ omi gbé fún un. Epo ló fi ń pò ó. Ẹnikẹ́ni kò lè ní ó fi omi ṣòfò.

"Mi ò fọwọ́ kan ojú ẹ," ọkọ rẹ̀ sọ kí ìyàwó tó bèèrè nǹkan kan. "Ọ̀rọ̀ lásán ni mo yí."

Obìnrin náà jókòó sí iwájú rẹ̀.

"Ó dáa, olówó orí mi. Mo tún fẹ́ lanu báyìí. Kọ ohun tí mò ń sọ sísàlẹ̀, kí èmi náà lè mọ̀ ọ́n."